Àwòrán Tí Kò Jọ Agogo

Ẹni tó bá ti ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò mọ̀ pé irú àkòrí méjì ló wà: èyí tí gbogbo ènìyàn ti ṣe, àti èyí tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Èyí tí wọ́n ń sá fún ni mo mú. Kì í ṣe pé mo gbóyà. Ìbéèrè inú rẹ̀ yé mi kí n tó dìde lórí ìjókòó ni.

Ẹ jẹ́ ká ní òbìrí kan wà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ dúró sí ojú kan lórí rẹ̀, kí ẹ máa gbé ìgbésẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà, èyí tí a ń pè ní α. Bí α bá jẹ́ nọ́ńbà tí kò ṣe é kọ gẹ́gẹ́ bí ìdá, bíi √2, ẹ kò ní padà sí ojú ibi tí ẹ ti gbéra láéláé. Hermann Weyl fi hàn nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1916 pé ẹsẹ̀ yín yóò kárí òbìrí náà dọ́gbadọ́gba: ìdajì òbìrí yóò gba bí ìdajì ìgbésẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú "bí" yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí ẹ gbé ìgbésẹ̀ √2 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mẹ́fà ni yóò bọ́ sí ìdajì àkọ́kọ́, kì í ṣe márùn-ún. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 1. Bí ìgbésẹ̀ bá wá pọ̀ rẹpẹtẹ ńkọ́? Bí a bá fi ojú dídì mú α àti ojú ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni àwọn ìyàtọ̀ yìí yóò ṣe pín?

Harry Kesten, tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1931, ló dáhùn ní 1960 àti 1962. Ẹ fi lógáríìmù iye ìgbésẹ̀ àti nọ́ńbà kan tó dúró sójú kan pín ìyàtọ̀ náà. Bí ìgbésẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ohun tí ẹ óò rí ni ìpín Cauchy. Láàrin, ó jọ agogo tí gbogbo wa mọ̀. Ìrù rẹ̀ ni kò jọ ọ́. Ìdajì àwọn nọ́ńbà rẹ̀ wà láàrin −1 àti 1, síbẹ̀ bíi 6 nínú 100 ló kọjá 10 ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì. Nínú agogo tí ìdajì tirẹ̀ náà wà láàrin −1 àti 1, ẹ lè wá irú ìyẹn títí kí ẹ má rí i. Ìpín Cauchy kò tilẹ̀ ní àárín tí a lè ṣírò: bí ẹ ti ń kó nọ́ńbà jọ tó, àárín wọn kò ní fìdí kalẹ̀.

Àwòrán yìí ni mo gbé lọ síwájú àwọn olùkọ́ ní àgbéyẹ̀wò àkọ́kọ́. Mo ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú α àti ojú ìbẹ̀rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bàbá àgbà kan nínú wọn wò ó, ó ní ohun tó pọ̀ tó báyìí gbọ́dọ̀ fún wa ní agogo, pé kódù mi ló ní àbùkù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi: kí n tún un ṣe, tàbí kí n pààrọ̀ àkòrí. Ẹni tó bá pààrọ̀ àkòrí ní àkókò yẹn mọ̀ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi ti ń ka oṣù tó kù tí yóò fẹ̀yìn tì, ọdún kan sí i lórí owó ilé-ìwé kò sì sí nínú ètò rẹ̀. N kò sọ fún un. Ìyá mi ni mo sọ fún, òun náà kò sì sọ fún un.

Kódù náà kò ní àbùkù. Mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán kan náà ló ń jáde. Dókítà tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló ní, "Má bá wọn jà lórí kódù. Wá nọ́ńbà kan tí o lè fi ọwọ́ kà."

Páì ni mo mú. Gbogbo wa la mọ 22/7 láti ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n 355/113 sún mọ́ páì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: bí ẹ bá gbé ìgbésẹ̀ páì nígbà 113, ohun tó kù kí ẹ padà sí ibi tí ẹ ti gbéra kò ju 0.00003 lọ. Nínú 113 yẹn, 56 ló bọ́ sí ìdajì àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ 56.5 ló yẹ kó jẹ́. Àdínkù ìdajì, kékeré ni. Àmọ́ nítorí pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ojú kan náà, 113 tó tẹ̀ lé e yóò tún fún yín ní 56, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà bẹ́ẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ 11,300, ẹ ti rí 5,600 dípò 5,650. Àdínkù ti di 50, nígbà tí lógáríìmù 11,300 kò tó 10.

Mo kọ èyí sí pátákó láìtan kọ̀ǹpútà rárá. Bàbá náà bi mí bóyá kì í ṣe páì nìkan ni orí rẹ̀ dàrú. Ìbéèrè tí mo ń gbàdúrà fún nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà tí kò ṣe é kọ bí ìdá ló ní ìlà nọ́ńbà odidi tirẹ̀, èyí tí ìdá-inú-ìdá ń fún un. Ti √2 ni 1, 2, 2, 2, títí lọ. Jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀. Ti páì ni 3, 7, 15, 1, 292. Àwọn ńláńlá bíi 292 ló ń mú kí ẹsẹ̀ máa padà sójú kan náà, kí àdínkù máa gorí ara wọn. Bí a bá fi ojú dídì mú nọ́ńbà, kí ipò kan nínú ìlà rẹ̀ tó 292 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 200. Kí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan nínú 2,000 ni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín kù, ìrù Cauchy sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Kọ páì yẹn sí orí kìíní." Wọn kò sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ àkòrí mọ́.

Orí ìkẹyìn ni mo fi kan òṣùká. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù. Kò sí ohun tó jọ tọ́rọ́ọ̀sì tó o nínú ilé wa. Lórí rẹ̀, ìgbésẹ̀ ń yí po lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dmitry Dolgopyat àti Bassam Fayad fi hàn pé ìrísí ibi tí a ń ka ẹsẹ̀ sí ló ń pinnu nǹkan níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpótí tí a yẹ̀ díẹ̀ láìsí ètò, Cauchy náà ni, àmọ́ lógáríìmù yóò di ìlọ́po ara rẹ̀. Bí ó bá rí rogodo tí kò ní igun, ìyàtọ̀ a máa dàgbà bíi iye ìgbésẹ̀ tí a gbé sí agbára 1/4, ìpín rẹ̀ kì í sì í ṣe Cauchy mọ́. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo lò fún ìyẹn, tipátipá.

Èyí tí n kò fọwọ́ kàn ni ti József Beck. Ó di α mú sí nọ́ńbà bíi √2, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, iye ìgbésẹ̀ ló wá fi ojú dídì mú, agogo sì padà wá, pẹ̀lú gbòǹgbò lógáríìmù. Kódù mi wà lọ́wọ́ Dókítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní 300 level tí ẹ ń wá àkòrí, ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ẹ óò ti yí i padà kò ju ìlà mẹ́ta lọ.