Bí A Bá Ń Sunkún, À Ń Ríran

Nígbà tí ọkọ bá kú, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí wọn yóò wí fún ìyàwó tí ó fi sílẹ̀. Wọn yóò kí i kú ọ̀fọ̀, wọn yóò kí i kú ìrọ́jú, kú ará-fẹ́ra-kù. Wọn yóò gbàdúrà pé kí ọjọ́ jìnnà síra wọn, kí Ọlọ́run máa wo ẹ̀yìn olóògbé. Àwọn àgbà yóò sì rán an létí pé awáyé-má-kú kò sí, pé ẹni tí ó fi ọmọ sáyé lọ kò kú gbé. Ọ̀rọ̀ ìtùnú kò wọ́n lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá gorí ọdún, tí koríko ti hù lórí sàréè, tí àwọn tí ó wá bá a kẹ́dùn ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n wá, tí obìnrin náà sì wà nínú ọ̀fọ̀ síbẹ̀, bí aṣọ dúdú kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀ mọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹnìkan tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí òun wí fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti kan ilé tèmi.

Àwọn baba wa kò fi opó ṣíṣe ṣeré. Ní ayé àtijọ́, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú yóò tú irun orí rẹ̀, yóò bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti yẹtí, yóò fi aṣọ tí kò ní ẹwà bora, yóò sì jókòó sínú ilé lórí ẹní. Ní ibi púpọ̀, ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń kà fún un, ní ibòmíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyà wà níbẹ̀, èmi kò sì ní fi bò: àwọn opó kan wà tí a fi ojú apànìyàn wò, tí a ní àwọn ni wọ́n pa ọkọ wọn, tí a sì fi ìnira jẹ wọ́n títí ọjọ́ náà fi pé. Nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá fi sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà nínú àṣà náà tí kò yẹ kí a dà nù mọ́ ìyà inú rẹ̀, òun náà ni pé ọjọ́ kíkà ni opó ṣíṣe. Bí ọjọ́ bá ti pé, àwọn obìnrin ilé yóò mú un lọ wẹ̀, wọn yóò di irun rẹ̀, wọn yóò wọ aṣọ tí ó mọ́ fún un, wọn yóò sì mú un jáde kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Kì í ṣe òun ni yóò dá a sọ pé ẹkún tó; ẹbí ni yóò sọ ọ́, tí ojú kò fi ní tì í bí ó bá tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ka tirẹ̀ sí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Súrà kejì, ẹsẹ 234. Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e sì gbà pé ọkùnrin tí ó ní i lọ́kàn láti fẹ́ opó lè ti fi àmì hàn án kí ọjọ́ náà tó pé, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti bá a ṣe àdéhùn ìkọ̀kọ̀.

Lẹ́yìn ìjáde opó ni ọ̀rọ̀ ṣíṣúpó máa ń wáyé. Àbúrò ọkọ tàbí ọmọ ẹbí mìíràn yóò dìde, yóò ní òun ni yóò ṣú u; obìnrin náà lè gbà, ó sì lè kọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ̀ náà lè mú ìbínú ẹbí wá tàbí kí wọ́n béèrè owó orí padà. Àwọn ènìyàn òde òní kò fẹ́ gbọ́ orúkọ àṣà yìí mọ́, wọ́n sì jàre, nítorí obìnrin kì í ṣe oko tí a ń jogún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa á tì, kí ni a fi rọ́pò rẹ̀? Ilẹ̀kùn tí kò dára ni a yọ, dípò kí a sì ṣe òmíràn, ńṣe ni a mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà náà pátápátá.

Mo rí èyí dáadáa ní Agric tí mò ń gbé, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí ọkọ̀ BRT ti ń já èrò sílẹ̀ láti November 2015, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń kó wọn wọ inú Owútù àti Ìsáwo lọ. Àdúgbò àlejò ni àdúgbò wa: ará Ìbàdàn, ará Òǹdó, Íbò, Ègùn, gbogbo wa ni a jọ ń háyà ilé, tí a jọ ń bá lánlọ́ọ̀dù fa ọ̀rọ̀ owó iná. Ẹni rere pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n agbo ilé kò sí. Bí ọkùnrin kan bá kú, a ó dá owó jọ, a ó bá wọn gbé òkú lọ sí ìlú rẹ̀, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Ta ni ìyá ilé tí yóò wá kan opó náà lára lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé, “Ó tó, dìde, lọ wẹ̀”?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, kò jìnnà sí mi ní àdúgbò yìí. Iṣẹ́ ẹja ni ó ń ṣe. Ní ìdájí ni yóò ti gba ọjà Olúwo lọ ní Ẹ̀pẹ́, yóò ra ọ̀bọ̀kún, àrọ̀ àti ẹ̀pìyà tí àwọn apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti inú ọ̀sà. Yóò ta díẹ̀ ní tútù, yóò yan èyí tí ó kù. Ẹni tí ó bá rí i níbi tí ó gbé ń ná ọjà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣe é, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò sí òde tí ó lọ mọ́. Bí ìnáwó bá dé, yóò san owó aṣọ ẹbí láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, yóò gba aṣọ náà, yóò ká a sínú àpótí, kò ní rán an. Àǹkárá lórí léèsì ni àpótí náà kún fún.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni mo wí fún un ní ọjọ́ kan, “ẹ dákun, ẹ fún télọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí yín.”

“Ìwọ àbúrò mi,” ni ó dá mi lóhùn, “ta ni kí ó rí mi? Ẹni tí ó ń wò mí ti lọ.”

Kì í ṣe pé ẹni tí ń wò ó kò sí. Olùkọ́ kan wà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Ẹja tí ọkùnrin yìí ń rà ju èyí tí ẹnìkan lè dá jẹ lọ, gbogbo ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja ni ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹja ni ó ń lé kiri. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ rẹ̀, yóò ní àwọn ọmọ òun ti dàgbà jù, àna òun yóò sọ̀rọ̀, ayé yóò sì ní òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí òkú tutù. Àkọ́bí rẹ̀ gbọ́ fìrí nínú ọ̀rọ̀ náà ní òkè òkun, ó sì tẹ ìyá rẹ̀ láago. Kò béèrè bóyá ọkùnrin náà jẹ́ ènìyàn gidi. Ohun tí ó wí ni pé, “Màámi, ilé Dádì ńkọ́?”

Ó yẹ kí a dá ọmọ náà lóhùn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń fi orúkọ ìfẹ́ dènà ìyá wọn. Ní àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa fìdí èyí múlẹ̀ ní 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń jogún baba wọn, ní ìdí-igi, tí àwọn ọmọ ìyá kan ń gba ìpín kan, tàbí ní orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù pàápàá sì gba ìdí-igi wọlé gẹ́gẹ́ bí àṣà wa nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1962. Èmi kò wí pé òfin yìí ṣe obìnrin ní rere. Obìnrin tí ó bá ọkọ ru bíríkì, tí a wá ní kò ní ìpín, ti rí ìrẹ́jẹ, ìdí sì nìyí tí ó fi dára fún ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba láti mọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí ilé baba bá jẹ́ ti ọmọ nínú àṣà, kí ni ọkọ tuntun yóò rí gbé níbẹ̀? Bí ìyá bá lọ sí ilé mìíràn lọ́la, ọmọ kò yé jẹ́ ọmọ baba rẹ̀. A kò lè fi àṣà gba ilé lọ́wọ́ opó, kí a tún torí ilé kan náà sé e mọ́lé.

Àwọn tí ń sọ pé ọmọlúàbí obìnrin kì í ní ju ọkọ kan lọ kò mọ ìtàn. Ẹfúnróyè Tinúbú, ọmọ Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, kọ́kọ́ fẹ́ ará Òwu kan, ó sì bí ọmọkùnrin méjì fún un kí ikú tó mú un lọ. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé lórí oyè, tí ó sì bá a lọ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ikú tún ti gba ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Adélé padà sórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ní 1837 òun náà wàjà, Tinúbú sì tún di opó. Ó ha jókòó sórí ẹní títí ayé bí? Ó fẹ́ Yésúfù Bádà, ológun, ó sì ń bá òwò rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn Òyìnbó yìnbọn lu Èkó ní December 1851, tí Kòsọ́kọ́ ọ̀tá rẹ̀ sá lọ tí ó sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ wa níhìn-ín, Tinúbú wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn ròkè láàfin. Nígbà tí àwọn Òyìnbó kan náà sì lé òun náà kúrò ní 1856, Abẹ́òkúta gbà á, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Òwò ẹrú tí ó ṣe wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè wẹ̀ ẹ́ nù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ kà sí i lẹ́sẹ̀, èmi kò tíì gbọ́ èyí tí ó ní ó ṣẹ̀ nítorí pé ó tún ọkọ fẹ́.

Ìwé Mímọ́ àti ìtàn Ànábì kò tilẹ̀ yàtọ̀. Hadíjà tí Ànábì Muhammad kọ́kọ́ fẹ́, opó ni, oníṣòwò ni, òun gan-an ni ó sì kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ. Ní ti Rúùtù ará Móábù, ta ni ó ní kí ó wẹ̀, kí ó fi òróró pa ara, kí ó wọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì tọ Bóásì lọ? Náómì ni, ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó kú! Ìyá tí ó sin ọmọ ni ó ń wá ilé fún ìyàwó ọmọ náà, láti inú ilé yẹn ni ìdílé Dáfídì sì ti ṣẹ̀. Bí a bá rí irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ní Ìkòròdú, ẹkún opó yóò dín kù.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọkọ fífẹ́ di iṣẹ́ àṣelàágùn tí a ń pa láṣẹ fún ẹni tí kò fẹ́. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá sí Ṣàgámù, kò ní pẹ́ kan Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀ ti ṣe opó láti May 1987, tí ọkọ rẹ̀ Ọbáfẹ́mi papòdà, títí di September 2015 tí òun náà fi sùn, tí ó ku oṣù méjì péré kí ó pé 100 ọdún. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé kò gbé ayé? Ó di àga mú níbi ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune, àwọn olóṣèlú ń wá gba ìmọ̀ràn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wọ aṣọ rẹ̀ jáde bí ayaba. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: kí opó gbé ayé. Ìfẹ́ lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè máà sí. Òun ni yóò yàn án.

Ohun kan wà tí ó mú kí n máa fẹ́ ìfẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn kì í ṣàdédé pe àgbà obìnrin ní Àṣàkẹ́, tàbí Àjíkẹ́, tàbí Àbẹ̀bí. Àwọn òbí tí ó bí i ni wọ́n ń kì í títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Bí ó bá sì wọ ilé ọkọ, ọkọ ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, èmi àbúrò kò sì jẹ́ dán an wò. Àwọn òbí wa ti lọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ. Obìnrin tí gbogbo ọjà Olúwo mọ̀, tí oníbàárà ń pè ní ìyá ẹlẹ́ja, tí ọmọ ń pè ní Màámi, kò sí ẹyọ ẹnìkan lókè eèpẹ̀ mọ́ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Èyí kì í ṣe ohun tí ọmọ lè fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun láti rà.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn opó, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó sunkún tẹ́rùn, ṣùgbọ́n kí ó má jìnnà, kí ó lè wà níbẹ̀ láti sọ fún un pé ọjọ́ ti pé. Mo ti wí fún àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi pé ilé Dádì kò ní rìn lọ. Mo sì ti wí fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ nì, kí òun àti orí rẹ̀ jọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ti aṣọ inú àpótí, èmi kò ní gbà. Ó ní owó télọ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní èmi ni n ó san án, àti pé kí télọ̀ náà gba ìdí rẹ̀ dáadáa, kí ó má ṣe rán an gbàgẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ sá pamọ́ sínú rẹ̀.