Ọ̀rọ̀ Méjìlélọ́gbọ̀n

Ìdánwò tó wà níwájú wa yìí, èdè ni wọ́n fẹ́ bi wá. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì náà. Èdè tí èèyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni: FORTRAN, LISP, C, Prolog, Java, Python. Wọn ò ní ká wá tẹ nǹkan kan kó ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ní ká ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to àwọn èdè náà, ohun tó mú ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ká sì fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé. Ìbéèrè márùn-ún, wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá yege, carryover nìyẹn, àti pé ní ìpele tí a wà yìí, carryover túmọ̀ sí owó ilé-ìwé ọdún kan sí i. Owó ẹ̀gẹ́ àti owó gàárì ló gbé púpọ̀ nínú wa dé ibi tí a dé. Oko náà ò sì tóbi sí i.

Àwa márùn-ún là ń kàwé pọ̀. Ẹni méjì ń gbé Mọníyà, ọ̀kan ń ti Làlúpọn wá, ọ̀kan láti Ẹgbẹ́dá, ọ̀kan láti abúlé kan lẹ́yìn Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wá bí àlejò. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà láàárín wa tí bátìrì rẹ̀ ṣì lè dúró. Ẹ̀yìn ilé gàárì kan ní agbègbè Akínyẹlé la máa ń jókòó sí, torí ìyá ọ̀kan nínú wa ló ń yan gàárì níbẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní I pass my neighbour. Tó bá ti tan án báyìí, gbogbo fóònù àdúgbò á tò síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Compiler àti interpreter ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Ìwé náà sọ ọ́ ní ojú-ìwé mẹ́rin, kò yé ẹnì kankan. Ọmọ Làlúpọn ló là á. Ó ní ṣé ẹ rí ògbufọ̀ tó máa ń dúró ti oníwàásù ní ìsọjí? Oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, ògbufọ̀ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìjọ á ṣe Àmín, wọ́n á tún kan èyí tó tẹ̀ lé e. Bí oníwàásù bá wá ṣì í sọ ní ìdajì, ìdajì àkọ́kọ́ ti wọ ìjọ létí ná. Interpreter nìyẹn. Compiler ni iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: wọ́n jókòó ti ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ẹni tó ń kà á lónìí ò nílò kí Bíṣọ́ọ̀bù dúró ti òun. Mùsùlùmí inú wa ní ṣebí tàfísírì inú ààwẹ̀ náà wà ńbẹ̀, gbólóhùn kan kíkà, gbólóhùn kan ìtumọ̀. A gbà fún un.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Nígbà tó kan scope, ọ̀rọ̀ bàbá la fi ṣe é. Ká ní ọmọ kan wá láti Ẹ̀jìòkú, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Mọníyà, ẹ wá bi í pé, “Bàbá ńkọ́?” Bàbá wo? Ní ọ̀pọ̀ èdè òde òní, bàbá ilé tí wọ́n ti bí i ni: ibi tí a kọ iṣẹ́ náà sí la ti ń wá ìtumọ̀ orúkọ. LISP àtijọ́, tí John McCarthy bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ilé tí ọmọ náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ló máa ń wò. Pointer ò tiẹ̀ gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá ti júwe ilé rí ní abúlé tí kò ní nọ́ńbà mọ̀ pé júwe-ilé yàtọ̀ sí ilé, àti pé wọ́n lè wó ilé náà kí júwe-ilé ṣì wà lẹ́nu èèyàn.

Ṣùgbọ́n ibi tí a pẹ́ sí jù ni gírámà. John Backus, tó ṣáájú àwọn tó ṣe FORTRAN ní IBM, tí wọ́n gbé e jáde ní 1957, ló dá ọgbọ́n kan láti fi kọ òfin èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Peter Naur, ọmọ Denmark, tún un ṣe fún ALGOL 60. BNF la ń pè é. Wọ́n máa ń ní kí o fi òfin náà ya igi, kí o fi hàn pé 60 − 10 − 5 kò lè ní ìtumọ̀ méjì. Bí a ṣe ń jà lórí igi yìí ni ìyá ń ka kóńgò gàárì fún oníbàárà kan, ó dé “márùndínláàádọ́ta.” Gbogbo wa wo ara wa.

Ẹ wò ó. Àádọ́ta ni mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta. Márùndínláàádọ́ta, ẹ tún yọ márùn-ún. 60 − 10 − 5 gan-an nìyẹn, láti apá òsì, 45. Tí ẹ bá wá kọ́kọ́ yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́wàá, 55 lẹ máa rí, ìyẹn sì ní orúkọ tirẹ̀, márùndínlọ́gọ́ta. Èdè wa ò gbà kí méjèèjì dàrú. A bi ìyá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n?”

“Kí ló wà ńbẹ̀? Ẹ mú márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta.”

“Àádọ́ta ńkọ́, mà?”

“Ẹ mú mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta. Ṣé ohun tí à ń sanwó fún nìyẹn?”

A kọ òfin oǹkà Yorùbá ní BNF lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Láti ọjọ́ náà, kò sí igi tó ń bà wá lẹ́rù mọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé Gẹ̀ẹ́sì la máa fi dáhùn. Ọmọ Akánrán ló mọ iṣẹ́ yìí jù nínú wa. Tó bá fi Yorùbá ṣàlàyé garbage collection fún ọ, o ò ní gbàgbé títí. Fún un ní bírò pé kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ẹnì kan nínú wa wá mú Yorlang wá, tí Anuoluwapo Karounwi ṣe: èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá; tí o bá fẹ́ kí ó gbé ọ̀rọ̀ jáde, sọpé lo máa kọ. Inú wa dùn sí i, a gbé e yẹ̀ wò títí bátìrì fi kú. Ó dáa gan-an fún ọmọdé. Àmọ́ kì í ṣe òun ló máa gba ọmọ Akánrán. C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní 1972, nígbà tí wọ́n fẹsẹ̀ òfin rẹ̀ múlẹ̀ ní 1989, ọ̀rọ̀ 32 péré ló ní: if, while, return àtàwọn yòókù. Méjìlélọ́gbọ̀n! Ọmọ tó ń ta pure water ní Ojóò mọ Gẹ̀ẹ́sì ju ìyẹn lọ. Ìwé tó ń ṣàlàyé méjìlélọ́gbọ̀n náà ló nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Kí while máa jẹ́ while, jàre. Ẹ ṣá fún wa ní ìwé tó máa fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣe.

Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni o. Compiler ò sí níbẹ̀.

Torí náà, àwa fúnra wa ló ń ṣe compiler fún ọmọ Akánrán. Á sọ ìdáhùn sínú fóònù ní Yorùbá, a ó jọ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, á wá pa ìwé dé, á kọ ọ́ látorí. Ìbéèrè márùn-ún ní wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 36 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè kan ń gbà á ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Lánàá, márùndínlógójì.

Prolog ló kù. Ìyẹn, tí Alain Colmerauer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Marseille ní 1972, bí ìdílé ló rí lójú wa: o sọ ẹni tó bí ẹni, o sọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ ìyá, ó kù kó o máa bi í ní ìbéèrè. Ní abúlé tí wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn pé “ọmọ ta ni ẹ́?”, ó yẹ kó rọrùn. Ọ̀la la máa ká aago fún un lórí rẹ̀, tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Tí wọn ò bá tan án, tọ́ọ̀ṣì wà.