Mo Gbé Kọ̀ǹpútà Lọ fún Àtúnṣe, Ikọ́ Ọmọ Iṣẹ́ Ni Mo Bá Níbẹ̀

Ẹ má sọ pé kí ló kan nọ́ọ̀sì kan kọ̀ǹpútà títú. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń kọ ojú ewé yìí ló bàjẹ́. Nílé wa ní Iléṣà, wáyà la fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, a sì tẹ́ wáyà náà gba àárín pálọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbíkẹ́yìn mi fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ihò tí wáyà ń wọ̀ sì ya. Ọmọ ò fara pa, mo dúpẹ́. Àmọ́ mo kọ́gbọ́n: wáyà kì í gba ojú ọ̀nà, pàápàá nílé tí àgbàlagbà bá wà.

Mo gbé e lọ sí Òṣogbo, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọláìyá. Ó ní kí n lọ kí n padà wá. Èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà? Àwọn òṣómàáló baba wa lóṣòó títí wọ́n fi ń gbowó wọn. Èmi náà fìdí kalẹ̀.

Ọ̀gá yọ ṣájà àti bátìrì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó tú àwọn síkúrù abẹ́ rẹ̀, ó ń tò wọ́n sórí bébà bó ṣe ń yọ wọ́n, torí gígùn wọn ò dọ́gba, èyí tó bá gùn jù sì lè gún pánẹ́ẹ̀lì. Inú mi dùn. Bí àwa náà ṣe ń ka òwú àti irinṣẹ́ ní tíátà nìyẹn, kí dókítà tó rán ikùn pa. Ó ṣí pátákó ìtẹ̀wé, ó rọra tú okùn pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ inú, ó sì gbé pánẹ́ẹ̀lì jáde. Ihò náà rèé, ó ti ń mì lórí lẹ́ẹ̀dì tó gbé e ró.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi, ló ní kó jó òmíràn sí i. Ọmọ náà tẹ̀ ba irin gbígbóná, ó ń jó ẹsẹ̀ 8 tó wà lára ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èéfín funfun ń lọ tààrà sí i nímú. Kò tíì jó o tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè.

“Ọmọ mi, ó ti tó ìgbà wo tí o ti ń wúkọ́ báyìí?”

“Ó ti tó oṣù mẹ́ta, mà.”

“Ọjọ́ Sunday ńkọ́?”

Ó ronú. “Tí mo bá wà nílé, kì í yọ mí lẹ́nu, mà.”

Ọ̀gá fajú ro. “Mọ́mì, ẹ má lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ o!” Mo ní èmi kọ́, èéfín ló fẹ́ lé e.

Ẹ gbọ́ o. Oje igi páìnì máa ń wà nínú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń jó, òun ló ń jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa. Èéfín oje yìí lè fa ásímà fún ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́, bí onítọ̀hún ò bá sì tètè kúrò nídìí rẹ̀, ó lè di bárakú. Òjé tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, ọwọ́ ló ń bá dénu, tí èèyàn bá fọwọ́ tí kò fọ̀ jẹ búrẹ́dì.

Mo kọ̀wé lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì lọ sí ọsibítù Wesley Guild n’Íléṣà. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ife ni, torí ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ló yẹ ẹ́. Kì í ṣe ikọ́ ife. Wọ́n ní kó máa fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́jọ́ iṣẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi, kó máa kọ iye tó bá gbé sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ò purọ́: ọjọ́ iṣẹ́ ni èémí rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ásímà ni. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fà sẹ́nu.

Kọ̀ǹpútà mi ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo tún yà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀gá ti gbé tábìlì sẹ́bàá fèrèsé, fáànù ń fẹ́ èéfín síta. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jó lẹ́ẹ̀dì, ọmọ náà ló ń tú síkúrù lápá kejì ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mọ́mì, èmi náà máa ń wúkọ́ lálẹ́ o.”

Mo tún mú bírò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ rédíò, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ bi í lálẹ́ òní bóyá ikọ́ ń ṣe é níbi iṣẹ́. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.