Àwo Ìrẹsì àti Ọwọ́ Òsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣèèṣì fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àfi kí ó yára tọrọ àforíjì. Èyí tí ó bá sì fi í jẹun níwájú àlejò ti dójú ti àwọn tí ó bí i. Irú ẹ̀kọ́ báyìí kì í tètè kúrò lára ẹni. Bàbá kan wà ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ bíbí Ìbàdàn tí ó ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ṣì wà lára rẹ̀ digbí ní ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

Kí àìsàn náà tó dé, ìdílé yìí ní àṣà kan. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, wọn a lọ sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń se oúnjẹ àwọn ará Jàpáànù, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hibachi. Tábìlì ibẹ̀ kì í ṣe tábìlì lásán. Irin pẹlẹbẹ gbàǹgbà ni ó wà láàárín rẹ̀, iná ń jó lábẹ́ irin náà, ènìyàn bíi mẹ́jọ a sì jókòó yí i ká, ojúlùmọ̀ àti àjèjì papọ̀. Alásè a dúró níwájú wọn pẹ̀lú fìlà gíga lórí, a máa fi ọ̀bẹ lu irin bí ẹni ń lu agogo. A to àlùbọ́sà tí ó gé róbótó léra wọn bí òkè, a da òróró sí àárín rẹ̀, a ṣáná sí i, iná a sì sọ sókè lálá. A ju ẹyin sínú afẹ́fẹ́, a fi ẹ̀gbẹ́ irin-ìdáná gbà á. Ìgbà tí ó bá dárà tán ni yóò tó pín ẹran màlúù, ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì dídín sí àwo oníkálukú. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Bàbá rẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún méjìlá, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn àìsàn náà, wọ́n tún lọ. Bàbá kọ̀ láti fi ọwọ́ òsì jẹun láàárín àwọn ènìyàn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ṣíbí mú, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó gbé e dé ìdajì ọ̀nà, ìrẹsì sì dà sí apá obìnrin àjèjì kan tí ó jókòó tì í. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà, ó tilẹ̀ fi pépà nu orí tábìlì fún un. Àánú yẹn gan-an ni ó dun bàbá ju bí ẹni pé ó bú u lọ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ títí wọ́n fi dìde.

Ọdún yí po, ọjọ́ ìbí kẹtàlá ń bọ̀. Bàbá ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa lọ. Èmi ó ṣọ́ ilé.” Ọmọ dáhùn kíá pé, “Dádì, oúnjẹ yẹn ti sú mi o.” Irọ́ tí ó wuyì ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ni ìyá yìí, kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé oúnjẹ náà ni yóò wá bá wọn nílé, àti pé inú àwo kòtò ni yóò bù ú sí, kì í ṣe àwo pẹrẹsẹ.

Ìrìn àjò oúnjẹ yìí jìn kí ó tó dé Houston. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún un kò tilẹ̀ tọ̀nà. Hibachi, ní Jàpáànù, ni ìkòkò tàbí àpótí tí wọ́n ń kó ẹ̀yín iná sí láti yáná nínú ilé. Teppanyaki ni orúkọ oúnjẹ orí irin: teppan ni irin pẹlẹbẹ náà. Ẹran màlúù fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe oúnjẹ àtayébáyé fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Ní ọdún 675 ni Ọba Tenmu ṣòfin tí ó ka jíjẹ ẹran màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìẹ léèwọ̀ fún ìgbà kan nínú ọdún. Òfin mìíràn tẹ̀lé e, ẹ̀sìn Búdà sì kín in lẹ́yìn, títí jíjẹ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fi di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún. Ó di ọdún 1872 kí ìròyìn tó tàn kálẹ̀ pé Ọba Meiji ti jẹ ẹran màlúù, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í là sí i. Ní 1899, ilé oúnjẹ Yoshinoya bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì inú àwo kòtò tí a da ẹran màlúù àti àlùbọ́sà lé lórí, fún àwọn òṣìṣẹ́ ọjà ẹja ní Nihonbashi, ní Tokyo. Gyūdon ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ ẹni tí ń kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ti orí irin kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945 ni ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ Misono, ní ìlú Kobe, bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹran màlúù lórí irin pẹlẹbẹ níwájú oníbàárà, àwọn àjèjì ni ó sì gba tirẹ̀ ju àwọn onílé lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Hiroaki Aoki, tí ayé mọ̀ sí Rocky, gbé e dé New York. Ẹlẹ́kẹ jíjà ni Aoki tẹ́lẹ̀. Ó ti wa ọkọ̀ áísìkiriìmù kiri àdúgbò Harlem láti kó owó jọ. Ní 1964 ó ṣí Benihana pẹ̀lú tábìlì mẹ́rin. Ó ti ṣàkíyèsí pé ará Amẹ́ríkà kì í fẹ́ jẹ ohun àjèjì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n máa sè é lójú rẹ̀. Nítorí náà ó mú ẹran tí wọ́n ti mọ̀, ó sì fi eré kún un. Eré náà ni ó ta ọjà. Kò sí ẹni tí ó lè bú Aoki fún èyí, nítorí ọgbọ́n ọjà ni. Síbẹ̀, ibi tí eré bá wà, òǹwòran kò ní ṣàìsí níbẹ̀, òǹwòran náà sì ni bàbá ọmọ yìí ń sá fún.

Ìyá gbọ́n ju kí ó gbìyànjú eré lọ. Ṣùgbọ́n ó rò pé sísè rẹ̀ kò ní nira. Ṣebí ẹran, ìrẹsì àti kárọ́ọ̀tì ni? Obìnrin tí ó ti dá oúnjẹ ìgbéyàwó sè rí! Ọjọ́ Sátidé tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bá a tún ọwọ́ kọ́ ni ó kọ́kọ́ dán an wò, ohun tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó sì tàn án jẹ. Nínú ilé ìdáná Yorùbá, ẹran tí a kò bọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé síwájú ènìyàn. A ó fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata sí i, a ó dé e pa kí ó jinná, kí á tó dín in. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran náà le bí bàtà. Ẹran tí ó rà, sirloin, láti ẹ̀yìn màlúù nítòsí ìbàdí, kò ní egungun, kò sì ní iṣan púpọ̀ tí bíbọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń sọ di rírọ̀. Bíbọ̀ kàn fún omi ara rẹ̀ dànù ni.

Sátidé kejì, kò bọ ẹran mọ́. Ó gé e, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú páànù lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, omi ti kún páànù, ẹran ti di eérú-eérú bí aṣọ tí a fọ̀ tí kò mọ́. Ibí yìí ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti lè rí iṣẹ́ ṣe. Omi kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó di ooru. Ẹran kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí ó ta sánsán, títí ojú rẹ̀ yóò fi gbóná tó nǹkan bí 140. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú páànù, ẹran ń bọ̀ ni, kò tíì máa dín. Irin ilé oúnjẹ nípọn, ó sì fẹ̀. Ó ní ooru ní ìpamọ́. Páànù ilé kò ní in, ẹran tútù púpọ̀ a sì pa iná rẹ̀ lára.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìbí gan-an, ó gbé ẹran ìwọ̀n ìlàjì kílò sínú fìríísà fún ogójì ìṣẹ́jú kí ó le díẹ̀, kí ọ̀bẹ lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wo ibi tí okùn ara ẹran náà dorí kọ, ó sì gé e ní ìdábùú, kí okùn wọ̀nyẹn lè kúrú lẹ́nu ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ó gé e wẹ́wẹ́ ju ti ilé oúnjẹ lọ. Ó fi pépà nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó jẹ́ kí páànù onírin wúwo gbóná títí ó fi ń rú èéfín díẹ̀, ó sì dín ẹran náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, olú àti brókólì tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ìrẹsì àná ni ó lò, èyí tí ó ti tètè kó sínú fíríìjì bí ó ti jinná tí ó sì tutù, nítorí ìrẹsì gbígbóná a máa lẹ̀ mọ́ra. Ó fi bọ́tà díẹ̀, ááyù, atalẹ̀ àti epo yànmọ̀ntì sí i.

Ọ̀ràn iyọ̀ ni ó ṣòro jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí sodium tí ń wọ ara rẹ̀ lójúmọ́ má tó 2,000 mílígíráàmù. Ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo soy sauce, omi dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà ṣe, a máa ní tó 900. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì gbé bàbá ṣánlẹ̀. Ìyá ra èyí tí iyọ̀ rẹ̀ dín kù, ó wọn ṣíbí kan fún gbogbo ilé, ó sì fi òróǹbó wẹ́wẹ́ fún ìyókù adùn. Ọbẹ̀ funfun tí ọmọ máa ń bèèrè, èyí tí wọ́n ń fi mayonnaise pò, tí ó jẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ti Jàpáànù rárá, ó fi yọ́gọ́ọ̀tì dí ìdajì rẹ̀.

Kò sí òkè àlùbọ́sà tí ń yọ iná. Ṣùgbọ́n èéfín páànù dé òkè àjà, ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ iná sì bú sígbe, tí ọmọ fi gun àga láti fi aṣọ ìnura fẹ́ ẹ, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá jáde láti inú yàrá wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó.

Àwọn ará Jàpáànù a máa gbé àwo ìrẹsì súnmọ́ ẹnu. Àwo náà ga, ó sì ṣe é dì mú. Èyí ni ìyá ti rò. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ara àwo, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó má jẹ́ kí ó sún. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí. Ògiri àwo kò jẹ́ kí ìrẹsì sá. Ẹran náà wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ọ̀bẹ. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá ọmọ, iyọ̀ rẹ̀ kò tó.”

“Mo mọ̀, Dádì,” ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. “Ṣé kí n bu sí i fún yín?”

Ó ti àwo náà sí i.