Nọ́ńbà ẹ̀yìn agogo
Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ bí agogo ọwọ́ ṣe dójú tì mí.
Ní 1969, Buzz Aldrin, ará Amẹ́ríkà, wọ agogo Omega rìn lórí òṣùpá. Ní 2019, fún ìrántí 50 ọdún, Omega ṣe irú kan, 6969 péré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Owó ẹyọ kan á ra zémìjàn mélòó kan!
Ẹnì kan ta “ọ̀kan nínú wọn” fún mi ní Wuiti, sẹ́fà 15000. Mo ra á.
Ní kíláàsì, ìyá kan wò ó. “Olùkọ́, ọmọ mi ní irú rẹ̀.” Ó gbé e wá. Ó fi ìka tọ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó kà á díẹ̀díẹ̀: 2146. Mo yí tèmi padà: 2146.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó ilé oṣù yẹn ni.