Ilé Ọmọ Tí Wọ́n Tún Ṣe

Nínú àwa obìnrin ní Kánò níbí, a rí ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ. Bá a bá relé ọdún, ìbéèrè kan náà ni: "Ọmọ dà?"

Ní 2020, àwọn onímọ̀ Wake Forest ní Amẹ́ríkà gé lára ilé ọmọ ehoro, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ehoro náà fúnra rẹ̀ hu òmíràn dípò. Nínú 10, 4 lóyún níbẹ̀, wọ́n sì bímọ láàyè.

Ehoro nìyẹn o! Ẹni tó bá ń ta àgbo tó ń hu ilé ọmọ fún yín, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ìrètí wà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé béèrè "ọmọ dà?"