Ẹ̀dà Méjì Nínú Àpótí Kan

Bí kọ̀ǹpútà bá ń lọ́ra ní kíláàsì, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà ti gbó, ó sì yẹ kí a ra òmíràn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láìmọye ìgbà. Agbára ìrántí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò kò ju gígábáìtì 2 lọ, wákàtí kan péré ni wọ́n sì ń rí lò lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi wo ojú ẹ̀rọ tí kò dáhùn, kò sí ẹni tí yóò san án padà fún wọn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlọ́ra ni ó ti ọ̀dọ̀ ogbó wá. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Àpẹẹrẹ kan láti inú Linux ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Linux ni kernel tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Kernel yìí, tí ìwé èdè Faransé ń pè ní noyau, ni ó ń pín ìrántí àti dísíìkì fún gbogbo ètò tí ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Kì í ka dísíìkì ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bílọ́ọ̀kù ni ó ń kà, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ báìtì 512 tàbí 4096.

Fáìlì náà kò ju ọ̀wọ́ báìtì lọ. Nítorí náà, kernel lè mú fáìlì kan kí ó sì fi í hàn bí ẹni pé dísíìkì ni. Apá Linux tí ń ṣe èyí ni à ń pè ní loop, a sì máa ń rí i lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú orúkọ bíi /dev/loop0. Òun ni a fi ń ṣí ẹ̀dà CD láìní CD lọ́wọ́. Òun náà ni Ubuntu fi ń ṣí àwọn ètò Snap, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú fáìlì tirẹ̀. Ní kíláàsì wa, inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni a kó ẹ̀kọ́, àwòrán ilẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ èdè sí. Bí a bá ti da fáìlì kan ṣoṣo náà kọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Ìnira rẹ̀ nìyí. Kernel máa ń fi ohun tí ó bá kà láti inú dísíìkì pamọ́ sínú ìrántí, kí ó má baà padà lọ wá a. Nígbà tí a bá ka ìwé kan láti inú fáìlì tí ó di dísíìkì, kernel á fi ẹ̀dà rẹ̀ kan pamọ́ nítorí dísíìkì ti inú, á sì fi òmíràn pamọ́ nítorí fáìlì ti òde. Ó dà bí akọ̀wé tí ó ní àpótí kékeré kan, tí ó sì ń kó ẹ̀dà méjì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Àpótí á tètè kún. Láyé àtijọ́, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tún ń tò sẹ́yìn ara wọn lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo nínú loop.

Ming Lei ni ó kọ àtúnṣe sí i. Nínú Linux 4.0, tí ó jáde ní ọdún 2015, wọ́n gbé loop sórí ètò tuntun tí ń jẹ́ kí ìbéèrè púpọ̀ rí ọ̀nà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Linux 4.4, ní oṣù kìíní ọdún 2016, loop wá lè ka fáìlì ní tààrà láti orí dísíìkì, láìfi ẹ̀dà kejì pamọ́, láìsì dúró kí ìbéèrè kan parí kí ó tó rán èkejì. Àṣẹ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni losetup --direct-io=on.

Mo fi í ṣe ẹ̀kọ́ kan. A ka fáìlì ńlá kan lọ́nà méjèèjì, a sì ń wo ìrántí pẹ̀lú àṣẹ free. Lọ́nà àtijọ́, ohun tí ó wọ ìrántí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì fáìlì náà. Lọ́nà tààrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara wọn rí àyè tí ó ṣẹ́ kù.

Ọ̀nà tààrà kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn. Bí ìwọ̀n bílọ́ọ̀kù inú kò bá bá ti òde mu, kernel lè kọ̀ ọ́, kí ó máa bá ọ̀nà àtijọ́ lọ. Bí ohun tí a ń wá bá sì ti wà nínú ìrántí láti òde, ọ̀nà àtijọ́ lè yára jù. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a wọ̀n ọ́n kí a tó pinnu.

Ọgbọ́n ju agbára lọ, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé iṣẹ́ Linux wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ti loop sì wà nínú fáìlì tí ń jẹ́ drivers/block/loop.c. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè ṣí i kí ó sì kà á, bí ẹni tí ó wà ní Helsinki ṣe lè kà á. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ni yóò rí iṣẹ́ àṣetúnṣe tí ó tún kù níbẹ̀.